Sípíríngì Tí Lindsay Fi Ń Wá Athol

Rọ́bà ni Noelene rà.

Lindsay Pascoe yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ó gbé e síbi fèrèsé, ó sì fajú ro. Sípíríngì ìṣeré ọmọdé ni lóòótọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí àtẹ̀gùn tí yóò máa ká ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti súìtì, kò sì sí irin kankan lára rẹ̀.

"Noelene, rọ́bà lèyí."

"Sípíríngì lo ní kí n rà. Sípíríngì ni mo rà."

"Irin ni mo ní! Kí ni mo fẹ́ fi rọ́bà ṣe? Ṣé iná ń gba inú rọ́bà kọjá ni?"

"Fi ṣeré. Bóyá ara rẹ á balẹ̀ díẹ̀."

Tọkọtaya ni wọ́n o, ẹ má rò pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe wọn nìyẹn. Orúnkún Noelene tó ń dùn ún ló lé wọn kúrò nínú ilé wọn tó wà lórí òkè, níbi tí òpó rédíò Lindsay ti ga ju gbogbo igi àdúgbò lọ, tó sì kó wọn wá sínú ọgbà àwọn afẹ̀yìntì kan ní Murray Bridge, létí odò. Ilé náà dára. Kò sí àtẹ̀gùn, balùwẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, àwọn aládùúgbò sì máa ń gbé kéèkì kiri. Ṣùgbọ́n òfin ọgbà náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó jọ ẹ́ríálì sí ìta. Lindsay mọ òfin náà kó tó dé ibẹ̀, ó kàn rò pé òun á dọ́gbọ́n sí i ni. Ó ti gbọ́ pé àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi tòun, tí wọ́n ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, máa ń fa sípíríngì ọmọdé gùn lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, tí wọ́n á sì fi bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Sípíríngì ká wáyà gígùn jọ sí ibi kékeré. Ohun tó dùn mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé eré lásán ni, ì bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Athol ni kò jẹ́.

Athol Treloar jẹ́ àgbẹ̀ ọkà nítòsí Ceduna, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí òun àti Lindsay ti wà ní ọ̀dọ́, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kì í kọjá kí wọ́n má pàdé lórí rédíò, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹnu. Ìka ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa tẹ kókó kékeré kan, yóò máa dún pí àti píí, wọ́n á sì máa gbọ́ ara wọn yékéyéké. Noelene kò gbọ́ èdè náà rí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló ń pè é. Iye òjò tó rọ̀ ni Athol fi máa ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó béèrè àlàáfíà. Ó ní ìgò òjò kan, èyí tí wọ́n fi ń wọn iye òjò tó rọ̀, tó kàn mọ́ igi ọgbà níwájú fèrèsé rẹ̀, bí gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ní, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í jáde lọ wò ó, kó sì da omi inú rẹ̀ nù, ìbáà jẹ́ pé ìkán nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà òtútù tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Athol. Ó mú ẹnu rẹ̀ lọ, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú. Etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń jíṣẹ́ fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ ló sì fi ń tẹ kókó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kerryn, ló wá ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì pe Lindsay lórí fóònù.

"Anko Lindsay, Dádì ti tún jókòó sídìí rédíò láàárọ̀ yìí. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò dáhùn."

"Mi ò tíì ní ẹ́ríálì ni, Kerryn. Gbé fóònù sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ohun tó ń tẹ̀."

"Mo ti gbé e sún mọ́ ọn. Ó gbá a bọ́ sílẹ̀, gíláàsì ẹ̀ ti fọ́. Ẹ mọ Dádì."

Lindsay mọ̀ ọ́n. Athol gbà pé fóònù wà fún àwọn tó lẹ́nu. Ojú òfuurufú ni ọkùnrin bíi tirẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

"Ó ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ," ni Kerryn wí. "Ó máa ń nawọ́ sí fèrèsé. Mo ṣí i, ó bínú. Mo tì í, ó bínú. Mo gbé e lọ síbẹ̀, ó wojú mi bíi pé wèrè ni mí. Òjò yìí náà ò sì jẹ́ kéèyàn rímú mí, gbogbo ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Anko, wọ́n ti rí àyè fún un nílé ìtọ́jú. A ó gbé e lọ kí oṣù yìí tó parí, wọn ò sì gba rédíò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ìdí nìyí tí sípíríngì rọ́bà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un sunkún.

Ó kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù àlòkù ìlú náà kó tó rí méjì tó jẹ́ irin, nínú páálí kan tí eré ọmọdé tó ti bàjẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fún ọdún kan. Ó jókòó tì í láti ìgbà oúnjẹ ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, ó ń tú u, ó ń ṣépè, bó bá tú ìhà kan, ìhà kejì á tún lọ́. Nígbà tó tú tán, lẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ fi jó wáyà mọ́ ọn kò lẹ̀. Ó jó o, ó bọ́. Ó tún un jó, ó tún bọ́. Ó fi sánpépà ha á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó tún un jó, lẹ́ẹ̀dì náà ká jọ bí omi lórí ewé kókò, ó sì já bọ́ sórí bàtà rẹ̀.

"Ṣé ó ti mú?" Noelene bi í láti ilé ìdáná.

"Má bi mí mọ́!"

"Ó dáa, mi ò bi ọ́ mọ́. Tíì rẹ ti tutù."

Nígbẹ̀yìn, bóòtù àti nọ́ọ̀tì kékeré ló fi dè é. Ó fi okùn náílọ́nù gbé sípíríngì méjèèjì kọ́ sábẹ́ òrùlé báráńdà ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wáyà sì gba àárín wọn wọlé. Noelene ló wá so àwọn sídì àtijọ́ mọ́ ọn tí wọ́n ń dán yinrinyinrin, kó lè jọ ohun tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ. Kò pẹ́ rárá tí Tegan, máníjà ọgbà náà, fi gbé mọ́tò kékeré rẹ̀ dé.

"Lindsay, kí nìyẹn?"

"Ohun tá a fi ń lé ẹyẹlé."

"Mi ò rí ẹyẹlé kankan níbí o."

"Ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́?" ni Noelene dá a lóhùn, ó sì gbé kéèkì fún un. Tegan wo òkè, ó wo kéèkì, ó gba kéèkì, ó lọ.

Ó wá ku kí Lindsay tún rédíò ṣe kó lè bá ẹ́ríálì tuntun náà mu. Àṣà kan wà láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí, ọmọlúàbí wọn kì í fi í ṣeré. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún rédíò rẹ̀ ṣe, kì í da ariwo rẹ̀ sórí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Agolo ọ̀dà kan ni yóò ní lábẹ́ tábìlì, tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀, tí agbára rédíò yóò máa wọ̀ lọ tí yóò sì kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Súìṣì kan ló ń pín wọn. Láti ìgbà tí Lindsay ti ní súìṣì yìí, òsì ni ẹ́ríálì, ọ̀tún ni agolo. Ó lè fojú dídì yí i. Nínú ilé tuntun yìí, ògiri ni wọ́n fi ẹ̀yìn tábìlì tì, kò ráyè gba ẹ̀yìn. Ó sùn gbalaja sábẹ́ tábìlì, ó nawọ́ sókè, ó fọwọ́ wá ihò àwọn wáyà lẹ́yìn súìṣì níbi tí kò ti rí nǹkan kan, ó tì wọ́n bọ̀ ọ́, ó sì fi orí gbá tábìlì nígbà tó ń jáde.

Ó yí súìṣì sósì. Ó tẹ kókó. Abẹ́rẹ́ mítà, tó máa ń wálẹ̀ bí agbára bá ń jáde dáadáa, tó sì máa ń fò sókè bó bá ń padà sẹ́yìn, wálẹ̀ pátápátá, ó sì dúró síbẹ̀ láìmì. Ẹ́ríálì tí wọ́n fi owó ńlá rà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

"Noelene! Wá wò ó! Wá wo nǹkan tí mo fi sípíríngì ọmọdé ṣe!"

"Ó dúró sójú kan."

"Ohun tó dáa jù láyé nìyẹn!"

Ó wá yí i sọ́tùn-ún láti dán agolo wò. Ó ti yí ohùn rédíò wálẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ fò sókè débi pé ó gbá ìpẹ̀kun. Lindsay pòṣé. "Agolo ti kú. Ọ́ìlì inú ẹ̀ ti dà sínú ọkọ̀ tó kó ẹrù wa wá." Ó dá súìṣì padà sósì, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Aago mẹ́sàn-án lù, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ròó bo etí, ó pe Athol. Kò sí ìdáhùn. Ó tún un pè. Ìró híṣì-híṣì lásán ló ń gbọ́. Kerryn pè lẹ́yìn náà pé Dádì ti tẹ̀ ẹ́ títí, òun náà kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, inú Lindsay kò dùn lójúmọ́ kan. Ó bá sípíríngì náà jà. Ó fà á gùn, ó sún un kì, ó yí i sí ìhà àríwá. Ó fẹ̀sùn kan òrùlé pé páànù ni. Ó fẹ̀sùn kan tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò. Ó pa fíríìjì ara rẹ̀, mílíìkì Noelene sì bàjẹ́. Ohunkóhun tó bá ṣe, abẹ́rẹ́ mítà kò kúrò lójú kan, ó sì yẹ kí ìyẹn ta á lólobó. Ẹ́ríálì wo lèèyàn á fà gùn tí á sún kì tí kò ní mọ̀ ọ́n lára? Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni mítà ń sọ fún un, kò sì fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ológbò wọn, Pikelet, nìkan ni ara tù. Bí Lindsay bá ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ kókó, á yọ́ wọ abẹ́ tábìlì, á gun orí agolo ọ̀dà, á ká jọ, á sì sùn.

Ọjọ́ Àìkú kejì náà lọ lásán. Kerryn kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tó pè. Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gbé bàbá òun lọ, ọjọ́ Àìkú kan péré ló kù. Ó ní bàbá òun ti ń fi ṣíbí lu abọ́ báyìí, òun kò sì mọ bóyá ọ̀rọ̀ ni tàbí ìbínú. Lindsay gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ dúró sí báráńdà, ó sì bú sípíríngì náà ní gbogbo orúkọ tó mọ̀.

"Èmi nìkan ló ń gbọ́ ohun tí Athol ń sọ láyé yìí, Noelene. Èmi nìkan! Mo sì jókòó síbí bí aláìlétí!"

Noelene kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn dúró tì í.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn dé. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù ni Lindsay ti jókòó. Ó pè, ó pè, ó pè. Híṣì-híṣì. Òógùn bọ́ sí i lójú. Noelene gbé tíì wá, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè lé ológbò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan agolo.

"Lindsay, agolo yìí gbóná o."

"Kò lè gbóná. Ó ti kú. Jọ̀ọ́, mò ń ṣiṣẹ́."

"Mo ní ó gbóná. Pikelet mọ̀. O ò rí i pé orí ẹ̀ ló ń sùn bó o bá ti jókòó síbí?"

Lindsay bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó tẹ́ ọwọ́ lé agolo náà. Ó gbóná bí ìkòkò tíì.

Gbogbo agbára rédíò rẹ̀, gbogbo ìpè rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, inú ọ́ìlì ló ń lọ. Ológbò ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti gbé wáyà ẹ́ríálì sí ihò agolo nígbà tó sùn gbalaja sábẹ́ tábìlì, ó gbé ti agolo sí ihò ẹ́ríálì, ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ òsì láti ìgbà èwe sì ń yí i sósì láìronú. Abẹ́rẹ́ tó ń fi yangàn, ti agolo ni. Agolo ni kì í mì.

"Ọ̀dẹ̀ ni mí," ni ó wí. "Ọ̀dẹ̀ arúgbó."

"Wàá bú ara rẹ tó bá yá. Yí i!"

Ó yí i sọ́tùn-ún. Etí rẹ̀ kún fún ariwo: ohùn èèyàn, àrá ọ̀nà jíjìn, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, pí àti píí kan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń kọsẹ̀, tó ń dìde. Àmì orúkọ Lindsay ni. Ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò òsì pe orúkọ rẹ̀.

Ó fò mọ́ kókó. Abẹ́rẹ́ gbá ìpẹ̀kun, rédíò sì dín agbára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Sípíríngì náà kúrú jù. Látọjọ́ yìí tó ti ń bá a jà, ti agolo ni mítà ń sọ fún un, kò tíì tún ẹ́ríálì náà ṣe rárá.

"Fà á gùn! Noelene, lọ fa okùn!"

Noelene tòun torúnkún rẹ̀ sá jáde. Ó di okùn náílọ́nù mú lẹ́nu sípíríngì apá òsì, ó fà á, ìkọ́ tó mú un fà yọ lára igi, sídì méjì sì já bọ́.

"Ó tó?"

"Díẹ̀ sí i!"

"Ìkọ́ ti yọ! Ọwọ́ ni mo fi dì í mú!"

"Má jù ú sílẹ̀! Díẹ̀ sí i! Dúró! Dúró bẹ́ẹ̀!"

Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Kò wálẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Lindsay tẹ orúkọ Athol, ó tẹ tirẹ̀, ó sì dúró. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Kó tó rí ọ̀kan tẹ̀, ìdáhùn dé, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

"Sọ fún Kerryn kó lọ wo ìgò òjò."

Lindsay tẹjú mọ́ rédíò. Ó gbé fóònù.

"Kerryn, ìgò òjò. Ìgò tó wà lára igi ọgbà. Ìyẹn ló ń nawọ́ sí."

"Ìgò òjò?" Kerryn sáré jáde, Lindsay sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Anko, òjò tá ò rí irú ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ilé ìwé, mi ò sì rántí wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti kún. Ó ti ń dà nù. Mo gbé e sọ́wọ́ Dádì."

Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò yẹn tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti kún kọjá. A ò ní mọ iye rẹ̀ mọ́. O pẹ́, Lindsay."

Ẹ̀bi Lindsay ni. Kì í ṣe òrùlé, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, kì í ṣe sípíríngì. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Mo pẹ́. Má bínú."

Athol simi díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́: "Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tètè dé." Ó fi orúkọ rẹ̀ parí rẹ̀, bó ṣe máa ń parí rẹ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń gbé e lọ. Lindsay mọ̀. Kò mọ bóyá Athol gbàgbé ni tàbí kò gbà láti lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Màá tètè dé," ó sì yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ròó kúrò létí.

Níta, mọ́tò kékeré Tegan ti dúró síwájú báráńdà. Noelene kò wojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ga sókè, okùn sì wé mọ́ ọn.

"Kí ló sọ?" ó ké wọlé.

"Ó ní kí n tètè dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Noelene tún okùn náà dì mú. Ó ti gbọ́ nípa ọjọ́ Túsìdeè.

"Noelene," ni Tegan wí, "ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ́ríálì nìyẹn."

"Mo mọ̀," Noelene dáhùn. Kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.